Nọ́ọ̀bù Rédíò Ìyá Àgbà

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni Ìyá Àgbà máa ń tan rédíò. Ẹnikẹ́ni kì í bá a tan án. Láti orí àga rẹ̀ ní pálọ̀, nínú fúláàtì tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Yeoville, ní Johannesburg, yóò na ọwọ́ ọ̀tún, yóò fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àpótí igi náà lọ, yóò sì ka nọ́ọ̀bù: ọ̀kan, èjì. Èkejì yìí ni bọ́tìnì tí wọ́n ń yí láti tan ẹ̀rọ, òun náà ni wọ́n fi ń gbé ohùn sókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Kọkànlá, ìka rẹ̀ ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó sì bá ọ̀pá irin tín-ín-rín kan tó yọ síta bí ìṣó. Nọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀.

"Ta ló yọ ojú rédíò mi?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Táyé wo Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé wo ilẹ̀.

Àwọn ọmọ Johannesburg máa ń fi wáyà ṣe mọ́tò ìṣeré. Wọ́n á tẹ wáyà náà títí yóò fi dà bí ọkọ̀, wọ́n á fi agolo tàbí ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, wọ́n á wá fa wáyà gígùn kan sókè láti iwájú rẹ̀, kí ẹni tó ń wà á lè máa rìn tẹ̀lé e, kó sì máa darí rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Orí wáyà gígùn yìí ni ìtọ́kọ̀ máa ń wà. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún méje, wò ó pé nọ́ọ̀bù rédíò ni yóò dára jù fún ìtọ́kọ̀, kò sì parọ́, ó bá a mu wẹ́kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ló wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Òjò ńlá tó máa ń ṣú lójijì ní Johannesburg lásìkò náà ká a mọ́ ojú títì, ó sì sá wọlé. Nígbà tó padà síbẹ̀, ó bá mọ́tò, kò bá ìtọ́kọ̀. Àgbàrá ti gbé e wọ inú gọ́tà lọ.

Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n má na ọmọ náà. Ó ní kí ni nọ́ọ̀bù, òun yóò ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Títí di ọjọ́ náà, ó mú ẹ̀mú kékeré kan sórí rédíò, kí ẹni tó bá wà nílé máa fi yí ọ̀pá irin náà fún màmá. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà kò tan rédíò mọ́. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ nǹkan, á ní rárá, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ fura. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lóru pé, "Ẹ ò rí i pé màmá ò fẹ́ máa bẹ èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ rédíò àti Ìyá Àgbà ti pẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, àpótí Rediffusion ni wọ́n ní nílé bàbá rẹ̀. Èkó ni Rediffusion ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935 kó tó tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wọ ilé, èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ náà ni onílé yóò gbọ́, kò sí pé ó ń yan ibòmíràn. Kò sí ohun tí ọwọ́ onílé lè ṣe sí i ju kó gbé ohùn náà sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà kò gbàgbé bàbá rẹ̀ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́ kó tó fọwọ́ kan àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì náà.

Lẹ́yìn tó lọ́kọ ni rédíógírámù dé. Ní 1975, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà san owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dámọ̀ràn, tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí owó gọbọi gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló fi ra ohun tí ọkàn wọn ti ń fẹ́ tipẹ́. Ọkọ rẹ̀ fi tirẹ̀ ra rédíógírámù: rédíò lápá kan, ẹ̀rọ tó ń lu àwo lápá kejì, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí igi kan tó tó àga mẹ́ta. Haruna Ishola àti Yusuf Ọlátúnjí kò kúrò lórí rẹ̀.

Ọkọ ti kú, rédíógírámù Ìbàdàn ti bàjẹ́, ojú Ìyá Àgbà sì ti ń lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá mú un wá sí Johannesburg. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ló mú un. Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Lára ọ̀pọ̀ tó ń ṣe, omi inú ojú ni yóò máa ti ojú láti inú ju bó ṣe yẹ lọ, tí yóò sì máa ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti kọ́kọ́ ń lọ, àárín yóò ṣì mọ́lẹ̀, ẹni náà á sì máa rò pé kò sóhun tó ṣe òun. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ìríran tó bá ti lọ kì í padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Dókítà tó tọ́jú Ìyá Àgbà ní Ìbàdàn sọ èyí fún Bàbá Ìbejì. Ó ní kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ yẹ ojú wò, pàápàá àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Bàbá Ìbejì dúpẹ́, ó ní àwọn ti gbọ́. Ó ti tó ọdún méjì sígbà yẹn.

Òun ló rí rédíógírámù mìíràn rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àga àlòkù. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń lu àwo. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, Ìyá Àgbà fọwọ́ wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀bù mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, ilà kan sì yọ sókè lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ilà ojú èèyàn. Ilà yìí ni Ìyá Àgbà ń kà. Bó bá kọjú sísàlẹ̀, ẹ̀rọ ti kú. Bó bá kọjú sí apá òsì, ohùn ìdájí nìyẹn, tí kò ní jí àwọn ìbejì. Bó bá dúró ṣánṣán, ohùn ọjọ́ Sunday ni, fún àwọn àwo tó dì sínú aṣọ wá láti Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì ló ti mọ gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ́ àwọn ilé iṣẹ́ SABC tó ń fi èdè Zulu àti Sotho sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ó ti ń kí àwọn ará ilé kejì ní "sawubona".

Sátidé àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì gba Fordsburg lọ. Ó wọ sọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rédíò, ó yan nọ́ọ̀bù kan tó ń dán bíi fàdákà, ó sanwó, ó sì padà sílé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nọ́ọ̀bù náà kọ̀, kò wọlé. Ó tì í, ó tún tì í, ó sì gbọ́ tí nǹkan dún pẹ́ẹ́ nínú àpótí. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi í sílẹ̀.

Sátidé kejì, ẹnì kan júwe bàbá arúgbó kan fún un ní Orlando, ní Soweto, tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́n díẹ̀. Ó ya fọ́tò ẹ̀yìn rédíò náà, ó sì yọ ọ̀kan lára nọ́ọ̀bù mẹ́ta tó kù, èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, ó fi í sápò láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ẹ̀bá títì, ó na ìka ìfábẹ̀lá sókè, bọ́ọ̀sì takisí kan sì dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Johannesburg nìyẹn: ìka kan sókè ni àárín ìlú, ibòmíràn sì ní àmì ọwọ́ tirẹ̀. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Susan Woolf ti kó àwọn àmì ọwọ́ yìí jọ, ó sì ṣe ìwé wọn lọ́nà tí afọ́jú lè gbà fọwọ́ kà á. Láàárín ìlú ni Bàbá Ìbejì ti wọ takisí kejì tó gbé e dé Soweto.

Bàbá náà wo fọ́tò tó wà nínú fóònù, ó mi orí.

"Ta ló ń fi ẹ̀mú yí i, mntanami?"

"Ọmọ mi" ni ọ̀rọ̀ Zulu yẹn. Bàbá Ìbejì ní àwọn ni, bàbá.

Arúgbó náà ní kí wọ́n má dán an wò mọ́. Ẹ̀mú máa ń há ọ̀pá náà jẹ, bó bá sì ti jẹ, nọ́ọ̀bù kankan kò ní dúró lórí rẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tó tún burú jù ú lọ wà. Lára àwọn rédíò àtijọ́, àwọn kan wà tí kò ní táńsífọ́mà. Irú wọn máa ń gba iná tààrà láti ara ògiri, iná fólítì 230 sì lè wà lára gbogbo irin inú wọn, títí kan ọ̀pá tí nọ́ọ̀bù ń gùn. Ike nọ́ọ̀bù náà nìkan ló dúró láàárín iná àti ọwọ́ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe wọ́n fi máa ń ri sìkúrúù nọ́ọ̀bù wọlé jìn, tí wọ́n á sì fi ìda dí ihò rẹ̀, kí ọwọ́ má bàa kan irin. Ẹni tó bá yọ nọ́ọ̀bù irú rédíò bẹ́ẹ̀, tó sì fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú ilé tí ọmọdé wà, ó fi iná sílẹ̀ fún ọmọdé ni.

Òógùn bo Bàbá Ìbejì. Arúgbó náà fẹ fọ́tò náà tóbi, ó tọ́ka sí irin dúdú kan tó rí bíi bíríkì kékeré. "Táńsífọ́mà nìyí. Tiyín ní in. Ẹ dúpẹ́."

Ó gba nọ́ọ̀bù àpẹẹrẹ, ó fi kálípà wọn ihò rẹ̀. Ó ní mìlímítà 6.35 ni, ìyẹn ìdá mẹ́rin íńṣì kan, ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà ń lò. Mìlímítà 6 ni ti àwọn ará Yúróòpù yòókù àti Japan. Nǹkan tí kò tó ìdajì mìlímítà yìí ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀bù Fordsburg wọlé. Ó ní ìwọ̀n nìkan kò tó: ọ̀pá kan máa ń rí roboto, òmíràn máa ń pẹlẹbẹ lápá kan, òmíràn ní eyín wínníwínní yíká. Ti rédíógírámù yìí rí roboto, sìkúrúù kan ló sì dè é. Nígbà tí Bàbá Ìbejì bi í bóyá wọn kò lè yọ́ ike àtijọ́ kan láti fi ṣe tuntun, ó rẹ́rìn-ín. Bakelite ni ike náà, irú èyí tí Leo Baekeland ṣe ní 1907. Bó bá ti gan, iná kì í yọ́ ọ mọ́. Ó lè fọ́, ó lè jóná, ṣùgbọ́n kì í rọ̀.

Bí ó ti ń wá inú agolo bisikíìtì ńlá kan tó kún fún nọ́ọ̀bù, arúgbó náà ń sọ ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní kó tó di pé àwọn ní rédíò gidi ní Orlando, àpótí kan ni wọ́n fi wáyà fà wọ ilé wọn ní 1952. Ohun tí ìjọba aláwọ̀ funfun bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ náà ló ń jáde níbẹ̀. Wọn kò lè yí i síbòmíràn.

"Rediffusion," ni Bàbá Ìbejì wí.

"Ẹ̀yin náà ní in?"

"Ìyá mi ní in ní Ìbàdàn."

Inú arúgbó náà dùn débi pé ìdajì owó nọ́ọ̀bù ló gbà.

Nọ́ọ̀bù Soweto wọlé ṣìnkín. Àwọ̀ rẹ̀ bá àwọn yòókù mu, kò sì mì. Wọ́n pe Ìyá Àgbà, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó yí i, rédíò tàn. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó wà."

Ara nọ́ọ̀bù náà jọ̀lọ̀. Kò ní ilà lójú. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ hó sókè lójijì, ó jí gbogbo ilé, àwọn ìbejì bú sẹ́kún. Ìyàwó ilé kán gúlùù lé e kó lè ní ojú tí ọwọ́ á mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, gúlùù náà ti ṣí dànù. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù kékeré onínọ́ńbà rẹ̀ dáadáa, tó rí i pé nǹkan kan yọ bíńtín sókè lórí nọ́ńbà 5. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń tẹ̀ ẹ́, kò bi ara rẹ̀ rí pé ta ni wọ́n ṣe é fún.

Sátidé kẹta, ó gba Braamfontein lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ tẹ nǹkan jáde ní ìpele ìpele. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun lè ṣe é, àti ilà àti gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ fún òun di ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Ìbejì ní òun yóò ronú sí i. Ó ti rọ̀ ọ́ nígbà tó délé.

"Ibo lo tún ti ń bọ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Braamfontein ni, Ìyá mi. Wọ́n fẹ́ bá wa ṣe irú èyí tó sọnù."

"Kí lo mú lọ fún wọn wò?"

"Ọ̀kan lára àwọn tó kù. Èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá."

"Kí nìyẹn ń ṣe?"

"Òun ló ń jẹ́ kí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dún ketekete."

"Ṣé mo ti fọwọ́ kàn án rí?"

Bàbá Ìbejì ronú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni nọ́ọ̀bù náà ti wà nínú àpò rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ilé tó bèèrè rẹ̀.

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án rí, Ìyá mi."

"Fi ìyẹn síbi tèmi. Kó o fi ti bàbá Soweto síbi tirẹ̀."

Ó yọ wáyà iná rédíò náà lára ògiri. Ó tú sìkúrúù kan, ó de sìkúrúù méjì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé èkejì, ìka rẹ̀ bá ilà náà. Ó yí i, ó dúró lórí ohùn ìdájí, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

"Sátidé mẹ́ta lo fi ń wá nọ́ọ̀bù mi kiri."

"Kò tó nǹkan, Ìyá mi."

"Dókítà Ìbàdàn yẹn bá ọ sọ̀rọ̀, mo wà níbẹ̀. Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé o ti lọ?"

Bàbá Ìbejì kò lè dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gé ẹ̀fọ́ nínú kíṣìnì dá ọ̀bẹ dúró.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni Ìyá Àgbà wí. "Èyí tó bọ́ lára rédíò, o rí òmíràn fi rọ́pò. Tèmi tó lọ, ibo lo ti fẹ́ rà á wá?"

Ilé ìwòsàn ojú ló lọ ní Sátidé kẹrin. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan wọn bí omi inú ojú rẹ̀ ṣe le tó, kò dùn ún. Wọ́n ní kó tẹjú mọ́ ibì kan, kó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tó bá rí iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dá a lójú pé kò sí iná kan tó kọjá lọ tí òun kò rí. Nígbà tí dókítà fi ìwé rẹ̀ hàn án, ojú ọ̀tún mọ́ rekete. Ní igun ojú òsì, ibì kan dúdú níwọ̀n èékánná. Iná ti tàn níbẹ̀, kò rí i, kò sì mọ̀ pé òun kò rí i.

Dókítà ní ó tètè wá. Ó kọ oògùn tí yóò máa kán sójú lálaalẹ́, ó ní kó má pa ọjọ́ kan jẹ, kó sì pe àwọn àbúrò rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pe ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní London, kò sì fi fóònù sílẹ̀ títí wọ́n fi dá ọjọ́ fún un.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ báyìí, ìyá àti ọmọ máa ń jókòó pọ̀ ní pálọ̀, wọ́n á gbé orí sẹ́yìn, ìyàwó ilé á sì kán oògùn sójú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ di ojú fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó wọlé dáadáa. Ní àkókò yẹn, Kẹ́hìndé ni wọ́n yàn pé kó máa rẹ rédíò sílẹ̀. Òun náà á di ojú tirẹ̀, á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí igi náà, á máa kà á sókè kí ìyá bàbá rẹ̀ lè gbọ́: ọ̀kan, èjì.